Ohùn Ọ̀rẹ́ Mi Tó Ń Lé Eku

Oríta Adégbayì ni mo wà, mò ń dúró de mọ́tò tí yóò gbé mi padà sí Ẹgbẹ́dá, nígbà tí mo gbọ́ ohùn kan tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi. Ọkùnrin kan ló de sípíkà mọ́ ọ̀kadà, ó ń rọra gùn ún bọ̀ lẹ́bàá títì, ó ń ta oògùn eku. Ohun tí sípíkà náà ń sọ nìyí:

"Ẹ̀yin onílé, ẹ̀yin ayálégbé! Eku tó ń jẹ ẹ̀pà yín, tó ń jẹ búrẹ́dì yín, tó ń fi ìrù gbá yín létí lójú oorun, ṣé ẹ fẹ́ máa bá a san owó iná ni? Oògùn rẹ̀ rèé! Ó jẹ ẹ́, ó kú. Kò jẹ ẹ́, ó gbóòórùn rẹ̀, ó kú. Kò gbóòórùn rẹ̀, wọ́n kàn ròyìn rẹ̀ fún un, ibà mú un! Hẹ̀-ẹ̀-ẹ̀-ín!"

Ohùn náà nípọn, ó sì há, bí ìgbà tí èèyàn ń wọ́ àga onígi lórí sìmẹ́ńtì. Kò sí ẹni tó wà lóríta lọ́jọ́ náà tí kò ní búra pé bàbá àgbàlagbà kan tó ti ń fa tábà láti kékeré ló ni ín. Ìyá tó ń ta ọsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tilẹ̀ gbàdúrà fún un. Ó ní, "Bàbá yìí, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ohùn yín wọlẹ̀ o."

Ẹ̀rín ìparí yẹn ló mú mi lọ́kàn. Ó ń gbọ̀n bí ẹ̀rín òbúkọ. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ láyé mi tó ń rẹ́rìn-ín báyẹn, kì í sì í ṣe bàbá. Obìnrin ẹgbẹ́ mi ni, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ dàgbà lábúlé, tí mi ò tíì fojú kàn láti ìgbà tó ti lọ sílé ọkọ.

Ni mo bá sáré tẹ̀ lé ọ̀kadà. Bàtà ọ́fíìsì ni mo wọ̀, báàgì mi sì ń gbá mi nídìí bí mo ṣe ń sáré. "Olóògùn eku! Olóògùn eku!" Àwọn èèyàn ń yà fún mi lọ́nà, wọ́n ń kí mi kú ìnira. Ọkùnrin náà rò pé eku ti lé mi jáde nílé, ó dúró kíá.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ ma. Ṣé fún eku ńlá ni, àbí àwọn kéékèèké?"

"Oògùn kọ́. Ta ló ni ohùn tó wà nínú sípíkà yẹn?"

Ojú rẹ̀ yí padà. "Ṣé kò sí wàhálà o, ma? Ṣé ìjọba ni yín?"

Òótọ́ ni pé òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú ìjọba tó ń rò. "Ọ̀rẹ́ mi ló ni ín. Obìnrin ni, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá tẹnu bọ̀ mí létí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra sọ ọ́. Àwọn oníbàárà ò mọ̀ pé obìnrin ni. Wọ́n ní ohùn bàbá ni eku máa ń bẹ̀rù." Ó wá sọ fún mi pé Àlàájà ni gbogbo wọn ń pè é, àti pé bí mo bá fẹ́ rí i, kí n wọ Máíkírà tó ń lọ sí Olódò, kí n ní kí wọ́n já mi sí Ilé Eku.

Mo ra oògùn lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ìtìjú. Èèyàn ò lè dá ọlọ́jà dúró báyẹn kó má ra nǹkan kan.

Ó yẹ kí ẹ mọ irú ohùn tí mò ń sọ. Abúlé kan ní apá Ẹgbẹ́dá ni wọ́n bí àwa méjèèjì sí. Bàbá tirẹ̀ ń dáko ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, Mùsùlùmí ni wọ́n. Bàbá tèmi jẹ́ olùkọ́ níléèwé ìjọ Áńgílíkà, ògiri kan ló sì pààlà ilé wa. Láti kékeré ni ohùn ọ̀rẹ́ mi ti rí bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ máa ń sọ pé lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, tó kọ́kọ́ ké, agbẹ̀bí wẹ̀yìn wò bóyá màlúù ló yọjú lẹ́nu ọ̀nà.

Níléèwé, olùkọ́ tuntun kan pe orúkọ rẹ̀, òun náà dáhùn. Olùkọ́ gbé bíírò sílẹ̀. Ó ní, "Ta lẹ gbé pamọ́ sábẹ́ tábìlì?" Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wá ọkùnrin náà kiri láàárín ẹsẹ̀ wa. Àwa ń rẹ́rìn-ín, òun náà bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín òbúkọ yẹn, ni olùkọ́ bá ní kó máa lọ dúró lábẹ́ igi máńgòrò títí ara gbogbo wa yóò fi balẹ̀. Láàárín ọdún tí a fi wà níléèwé yẹn, mo rò pé ó kọ́ ìṣirò lábẹ́ igi máńgòrò ju inú kíláàsì lọ.

Nígbà ìkórè, gbogbo ọmọ iléèwé ló máa ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, àtàwọn tí òbí wọn ń kírun. Olùkọ́ orin pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Ìwọ, máa la ẹnu bíi tàwọn yòókù, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí nǹkan kan ti ibẹ̀ jáde." Ọ̀rẹ́ mi la ẹnu láìkọrin, bí ẹja, títí orin fi fẹ́ parí. Ó ní òun ò mọ ohun tó ṣe òun ní ẹsẹ ìkẹyìn. Orin náà kàn dùn mọ́ òun ni. Ẹyẹlé tó wà lókè àjà fò jáde. Àwọn ọmọ ọwọ́ bú sẹ́kún. Bàbá ìjọ kan tó ti ń sùn láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwàásù ta gìrì dìde, ó pariwo, "Àmín!" ó sì ń wá fìlà rẹ̀ kó máa lọ sílé.

Nílé kéú náà, ààfáà gbóríyìn fún un pé ó mọ̀ ọ́n kà dáadáa. Wọ́n wá ní kó máa ka tirẹ̀ sínú. Ohun kan ṣoṣo tí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí abúlé wa fẹnu kò lé lórí nígbà náà nìyẹn, pé kí ọ̀rẹ́ mi dákẹ́.

Èmi ni mo ní ohùn tó dùn. Gbogbo ilé ló ń sọ pé bí mo bá dàgbà, orí rédíò ni wọn yóò ti máa gbọ́ mi. Ní ti ọ̀rẹ́ mi, wọ́n ní kí wọ́n wá iṣẹ́ tí kò ní jẹ́ kó máa bá èèyàn sọ̀rọ̀. Wọ́n mú un lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Ọ̀gá rẹ̀ ní bí oníbàárà bá wọlé, kó kàn máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ò sì mọ ẹ̀rín músẹ́ ín rín. Ìyàwó tuntun kan wá wọn ara rẹ̀ fún búláòsì, inú ọ̀rẹ́ mi dùn sí i, ó rẹ́rìn-ín sí i láti ẹ̀yìn, obìnrin náà sì sá jáde sí títì, téèpù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló rí ọkọ, tó kó lọ sí Olódò. Èmi wọṣẹ́ ìjọba, mo lọ́kọ, mò ń gbé ní Ẹgbẹ́dá, a ò sì gbúròó ara wa mọ́.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e ni mo wọ Máíkírà lọ sí Olódò. Nígbà tí a sún mọ́ ibẹ̀, ojú ń tì mí láti la ẹnu.

Mo ní, "Dẹ́rẹ́bà, màá bọ́ sílẹ̀ níwájú... níbi ilé yẹn."

"Ilé wo ma?"

"Ilé... Eku."

Obìnrin tó jókòó tì mí gbá mi lẹ́sẹ̀ pẹ̀lẹ́. "Ẹ sọ ọ́ sókè ma, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ̀yìn Ilé Eku lèmi náà ń gbé." Ọkùnrin tó wà níwájú ní ìjọ àwọn náà wà ní Ilé Eku, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n máa ń ṣe ìpàdé àdúrà, kí n yà wá. Dẹ́rẹ́bà ní ọmọ òun ń lọ sí nọ́sìrì ní òdìkejì Ilé Eku. Bí gbogbo wọn ṣe ń sọ ọ́ yìí, bí ẹni ń pe orúkọ ààfin ni.

Ilé náà tóbi, wọ́n kùn ún láwọ̀ ewé, ó sì ní géètì dúdú tó ń dán. Ọkọ ọ̀rẹ́ mi jókòó síwájú ilé, ó ń fá pákó. Káfíńtà ni, èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Kí n tó la ẹnu, wọ́n ti gbé ìka lé ètè.

"Ẹ káàbọ̀ ma. Ẹ má kan géètì o. Wọ́n ń ká ohùn lọ́wọ́."

Mo jókòó tì wọ́n lórí pákó. Láti inú ilé, ohùn kan bú jáde, "Ìdun! Ìdun! Ìdun!" Gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Ohùn náà tún ní, "Rárá, ẹ jẹ́ n tún un sọ. Ìdun yẹn ò tíì bani lẹ́rù tó." Ó tún un sọ. Adìyẹ tó ń jẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa gbé ẹsẹ̀ kan sókè, kò sì gbé e sílẹ̀ mọ́.

Nígbà tó yá, ọ̀rẹ́ mi jáde síta láti gba atẹ́gùn. Ó sanra, ara rẹ̀ ń dán, ó wé gèlè kékeré kan. Ó rí mi. Ariwo tó pa, ṣe ni adìyẹ wọ abẹ́ mọ́tò wọn, ọkọ rẹ̀ sì fọwọ́ di etí láìṣe wàhálà, bí ẹni tó ti ń ṣe é lójoojúmọ́. A dì mọ́ra wa, a ń mì tìtì.

Ó ní, "Ìwọ rèé! Ìwọ olóhùn dídùn! Mo ti wá ọ lórí gbogbo rédíò! Rédíò wo lo wà?"

"Mi ò sí ní rédíò kankan. Ọ́fíìsì ìjọba ni mo wà. Òǹtẹ̀ ni mò ń lù sórí ìwé."

"Òǹtẹ̀ báwo?"

"Gbà, gbà, gbà. Báyẹn."

Ó fi ọwọ́ lù ú wò lórí orúnkún rẹ̀. "Ìyẹn náà dún dáadáa," ó sọ fún mi, mo sì mọ̀ pé kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

A jókòó sí ìdí àsáró àti ẹja díndín, ó sì sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún mi. Gàrí ló ń tà níwájú ilé kékeré tí wọ́n háyà nígbà náà. Kì í polówó. Ó ti mọ̀ pé bí òun bá polówó, oníbàárà á sá. Lọ́jọ́ kan ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ewúrẹ́ kan sì ti gbé ẹnu bọ inú gàrí rẹ̀ dé ojú. Ọ̀rẹ́ mi gbàgbé ara rẹ̀.

Ó tún èébú náà bú fún mi bó ṣe bú u lọ́jọ́ náà. "Mo ní, 'Ìwọ aláìnítìjú yìí, onímú bí ìdí ìkòkò! Ta ló pè ọ́ sí oúnjẹ? Ṣé ìyá rẹ ló bá mi yan gàrí? Bí ọwọ́ mi bá tẹ̀ ọ́, inú ọbẹ̀ lo ti máa mọ̀nà ilé!'"

Ọkọ rẹ̀ mi orí. "Ewúrẹ́ yẹn ò gba àdúgbò wa kọjá mọ́ láéláé. Inú ilé kejì tó sá wọ̀ la ti lọ mú un padà fún ẹni tó ni ín."

Ọkùnrin kan ń kọjá lójú títì lásìkò náà, tó ń fi ẹsẹ̀ rìn kiri ta oògùn eku. Bátìrì gbohùngbohùn rẹ̀ kún, ṣùgbọ́n ohùn òun fúnra rẹ̀ ti wọlẹ̀ pátápátá. Ṣe ló kàn ń mí sínú rẹ̀. Eku wo ló ń bẹ̀rù ẹni tó ń mí? Ó dúró, ó ń wo ọ̀rẹ́ mi bí ẹni tó rí ọkọ̀ òfuurufú nínú oko. Ó kúnlẹ̀ lójú títì. Ó fi ìwọ̀nba ohùn tó ṣẹ́ kù fún un bẹ ọ̀rẹ́ mi pé, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún sọ ohun tí ẹ sọ fún ewúrẹ́ yẹn sínú ẹ̀rọ yìí."

Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìpolówó àkọ́kọ́ tí ọ̀rẹ́ mi ṣe kò ju èébú ewúrẹ́ lọ; wọ́n kàn fi àkìtàn dípò ọbẹ̀ ni. Ọkùnrin náà gbé e wọ ọjà lọ́jọ́ kejì, ọjà sì dà rú. Àwọn èèyàn ń bi í pé ta ni bàbá tí inú ń bí yìí. Wọ́n ń ra oògùn, wọ́n tún ń dúró gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Olóògùn ìdun gbọ́, ó wá. Olóògùn aáyán wá. Àwọn tó ń ta ìpara ẹsẹ̀ lílà wá. Kò pẹ́ tí àwọn oníbúrẹ́dì náà fi dé, ṣùgbọ́n ìyẹn ò yọrí sí rere. Ọ̀rẹ́ mi polówó búrẹ́dì, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ jẹ ẹ́, torí gbogbo wọn rò pé oògùn wà nínú rẹ̀.

Bó ṣe di olówó nìyẹn. Ó fi ohùn tí wọ́n ní kó gbé mì kọ́ ilé. Mo bi ọkọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fara dà á.

Wọ́n gbọn eruku pákó kúrò lórí ṣòkòtò. "Wàhálà ibẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Bó bá ń bínú, mi kì í mọ̀ bóyá èmi ló ń bá wí ni, àbí ó ń fi ìpolówó tuntun dánra wò. Mo máa ń ní kó ṣe pẹ̀lẹ́, á ní, 'Ṣé ó dùn?' Mo máa ń sọ pé ó dùn."

Ibẹ̀ la wà nígbà tí ọ̀gá olóògùn eku fúnra rẹ̀ wọlé, ọkùnrin ọjọ́sí yẹn, tó ti ní ọ̀kadà rẹpẹtẹ báyìí, tó sì ń wọ aṣọ léèsì lójúmọmọ. Ó wá ṣe ìpolówó tuntun. Ó ní nǹkan kan ló kù: òun ń wá obìnrin tó ti lo oògùn náà, tí yóò jẹ́rìí sí i.

Ọ̀rẹ́ mi yíjú sí mi. "O ò lò ó?"

Mo ti lò ó. Ẹ rántí pé ìtìjú ló jẹ́ kí n rà á, ṣùgbọ́n bí mo ti délé ni mo fi í sí ìdí kọ́bọ́ọ̀dù, eku ilé wa sì ti dín kù lóòótọ́. Bí mo ṣe ń sọ èyí lọ́wọ́, wọ́n ti fà mí wọ yàrá tí wọ́n ti ń ká ohùn. Ọkọ rẹ̀ ló ṣe yàrá náà. Fóòmù mátírẹ́ẹ̀sì àtijọ́ àti kíréètì ẹyin ni wọ́n lẹ̀ mọ́ gbogbo ara ògiri. Ó gbóná bí ààrò. Ọ̀rẹ́ mi gbé maíkì sí mi lẹ́nu.

Mo fi ohùn dídùn tí wọ́n ń yìn lábúlé bẹ̀rẹ̀: "Gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ ìjọba, mo fẹ́ fi àǹfààní yìí sọ fún gbogbo ará ìlú pé—"

"Dúró," ọ̀rẹ́ mi ní. "Ṣé eku ló wà nílé rẹ, àbí kọmíṣọ́nnà?"

Mo tún un ṣe. Ọ̀gá olóògùn eku ń fi ẹ̀wù rẹ̀ nu òógùn. Ó ní ó jọ ìkéde ìsìnkú. Mo tún un ṣe. Ó ní báyìí ó ti wá jọ ìwé ìpàdé.

Ọ̀rẹ́ mi mú mi léjìká. "Dijú. Rántí ohun tó dùn ọ́ jù lọ tí eku ṣe fún ọ. Má rò ó, sáà sọ ọ́."

Mo dijú. Ohun tó jáde lẹ́nu mi, èmi gan-an ò mọ̀ pé ó ṣì ń dùn mí tó bẹ́ẹ̀. "Wíìgì mi!" mo ké. "Wíìgì mi tí mi ò tíì wọ̀ rí! Tí mo tọ́jú de ìgbéyàwó àbúrò ọkọ mi! Mo ṣí àpótí, eku ti bímọ sínú rẹ̀! Ọmọ eku pupa, pupa, wọ́n ń yí gbiri-gbiri láàárín irun mi! Ìyá wọn tiẹ̀ wò mí, bí ẹni pé èmi ni mo wọ yàrá rẹ̀!"

Ọ̀gá olóògùn eku fò sókè, kíréètì ẹyin kan já bọ́ lé e lórí. "Ẹ má fọwọ́ kàn án! Ẹ má yọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kúrò níbẹ̀!"

Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yọ wíìgì kúrò. Wọn ò gbọ́.

Ọjọ́ tí mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dé Ẹgbẹ́dá, mo wà nídìí òǹtẹ̀ mi. Ọ̀kadà olóògùn eku kọjá lábẹ́ fèrèsé ọ́fíìsì. Mo gbọ́ ọ̀rẹ́ mi tó ń halẹ̀ mọ́ eku, lẹ́yìn náà mo gbọ́ ara mi. Gbogbo ọ́fíìsì gbé orí sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀gá wa, ọkùnrin tí kì í ṣeré, tí kì í rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá tiẹ̀ rín in lábíyá, rọra yọ dígí ojú rẹ̀.

"Màdáámù," wọ́n pè mí. "Irun ènìyàn ni wíìgì náà, àbí irun àtọwọ́dá?"

"Irun ènìyàn ni sà."

"Ẹ̀yin èèyàn ẹ ò rí i," wọ́n sọ fún àwọn yòókù. "Eku yẹn mọ ohun tó dáa." Wọ́n dá dígí padà sójú, wọ́n ń báṣẹ́ lọ. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún pe orúkọ mi mọ́ ní ọ́fíìsì yẹn. Màdáámù Wíìgì ni mo di.

Ti ọkọ mi tún wá burú jùyẹn lọ. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n dúró sí pẹ̀lú àwọn àgbà ìjọ nígbà tí ọ̀kadà gba ibẹ̀ kọjá. Wọ́n ní gbogbo wọn gbọ́ ọ dópin, alàgbà kan sì ní kí wọ́n kí ìyàwó wọn kú àdánwò. Nígbà tí ọkọ mi délé, wọn ò bínú. Wọ́n kàn lọ gbé fìlà wọn tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n gbọn ọ́n wò dáadáa kí wọ́n tó dé e.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi wá di ọ̀rẹ́ padà. Ọjọ́ ìsinmi kì í kọjá kí n má dé Olódò. Nígbà òjò tó kọjá, fóònù mi dún láàárọ̀, ohùn kékeré kan tó dùn bí oyin ń sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, máa bọ̀ o."

Mo ní, "Ọmọ mi, o ti ṣi nọ́ńbà pè. Gbé fóònù fún ìyá rẹ."

"Èmi ni," ohùn náà sọ, ó sì bú sẹ́kún. Ẹkún náà dùn ún gbọ́.

Nígbà tí mo débẹ̀, èèyàn ti kún ẹnu géètì. Ọ̀rẹ́ mi ti ká ohùn fún ọjọ́ méjì léraléra tí òjò ń rọ̀, ó sì mu omi dídì lé e lórí. Bó ṣe jí lánàá ni ohùn òbúkọ ti lọ, tí ti ọmọdébìnrin sì rọ́pò rẹ̀. Olóògùn eku gbé orógbó wá. Olóògùn ìdun gbé oyin wá. Olóògùn aáyán ní kí wọ́n fi atalẹ̀ sí i, àwọn méjèèjì yòókù sì bá a jà, wọ́n ní ó fẹ́ ba nǹkan àwọn jẹ́. Dẹ́rẹ́bà Máíkírà kan dúró lójú títì, ó ń bèèrè tọkàntọkàn bóyá àwọn máa yí orúkọ ibùdókọ̀ padà.

Mo wọlé tọ̀ ọ́. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó fi ìborùn wé ọrùn. Ó ní inú òun kọ́kọ́ dùn. Ó lọ sọ́jà lánàá, ó ná ata, obìnrin tó ń ta ata ò sì béèrè oògùn eku lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. "Ó pè mí ní 'ọmọ mi'," ó sọ fún mi pẹ̀lú ohùn ẹ̀fọn yẹn. "Gbogbo ayé ń pè mí ní 'ọmọ mi'. Mo kí èèyàn, wọn ò wẹ̀yìn wò. Mo pe ọlọ́kadà, ó lọ. Ṣé báyìí lẹ̀yin yòókù ṣe ń gbé láyé? Báwo lẹ ṣe ń ṣe é?"

Mo dì í mú. Ó ní nígbà tí òun wà ní kékeré, òun máa ń bẹ Ọlọ́run lójoojúmọ́ kó fún òun ní ohùn bíi tèmi, àti pé òun fẹ́ kí n bá òun sọ fún Ọlọ́run báyìí pé kó má bínú, òun ti yí ọkàn padà.

Mo jáde lọ bá ọkọ rẹ̀ níwájú ilé. Wọn ò fá pákó. Wọ́n kàn gbé irinṣẹ́ lé ẹsẹ̀, wọ́n ń wo ilẹ̀.

"Mi ò rí oorun sùn lánàá," wọ́n sọ fún mi. "Ilé ti dákẹ́ jù. Mò ń gbọ́ aago. Láti ọdún tí a ti ra aago yẹn, mi ò mọ̀ pé ó máa ń dún. Nígbà tó kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀ láàárọ̀ àná, mo ní, 'Ẹ káàárọ̀ ma, ta lẹ̀ ń wá?'"

Mo dúró tì wọ́n ní gbogbo òwúrọ̀ yẹn. Wọ́n fún un ní orógbó, wọ́n fún un ní oyin, wọ́n fún un ní atalẹ̀ nígbà tí àwọn méjì yẹn ò wò. Kò sí èyí tó ṣiṣẹ́. Lọ́sàn-án, ó dìde, ó ní òun ò lè jókòó kí ebi máa pa àlejò, ó sì wọ kíṣìnnì lọ gún iyán. Èmi àti ọkọ rẹ̀ wà níta, a ń gbọ́ ìró odó. Odó dákẹ́. A gbọ́ tó ń húkọ́, tó ń húkọ́ nídìí ọbẹ̀ ata. Ó tún dákẹ́.

"Ẹ wá jẹun o!"

Irinṣẹ́ já bọ́ lẹ́sẹ̀ ọkọ rẹ̀. Adìyẹ wọ abẹ́ mọ́tò. Ẹnu géètì bú sí ìyìn, àwọn olóògùn ń dì mọ́ ara wọn. Láti ẹ̀yìn fẹ́ńsì, nínú ilé kẹta sí ti wọn, ọkùnrin kan dáhùn pé, "A ti jẹun, Àlàájà! Ẹ ṣé o!"